Àpò Ẹ̀gbẹ́ Ikùn Mi ní Abẹ́òkúta

Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tí mo rán ní Abẹ́òkúta kò gba ẹni tó ni ín. Ọ̀gá mi, Bàbá Ṣẹ́yẹ, ní kí n fi méjì kún ìbàdí rẹ̀, mo sì fi méjì kún un. Ṣùgbọ́n Kétu ni mo ti kọ́ṣẹ́, nílẹ̀ Dàhòmì àtijọ́, níbi tí Faransé ti kọ́ wa láti máa fi sẹ̀ǹtímítà wọn aṣọ. Íǹṣì ni Bàbá Ṣẹ́yẹ ń wí. Nígbà tí oníbàárà dé, ó fa ṣòkòtò náà sókè, ó mí sínú, ó fò lẹ́ẹ̀mejì, bọ́tìnì kò kan ihò.

Bàbá Ṣẹ́yẹ wò mí. "Ọmọ Kétu, kí lo ṣe sí ṣòkòtò yìí?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Faransé ló gé e."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ṣòkòtò sílẹ̀ fún wa láti tú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo òpópónà wa ti ń pè mí ní Sẹ̀ǹtímítà.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé kò le. Télọ̀ pọ̀ ní Kétu ju ẹni tó fẹ́ dá aṣọ lọ. Kò tí ì ju ọdún díẹ̀ lọ tí wọ́n sọ Abẹ́òkúta di olú-ìlú ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kún ibẹ̀ bí èèrà, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ṣòkòtò tí a rán dáadáa. Bí mo ṣe dé, òkúta ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pupa. Níbí, ilé jókòó sórí àpáta bí ewúrẹ́, ẹni tó ń gbé lókè sì lè da omi ìfọṣọ sórí òrùlé aládùúgbò rẹ̀ láìmọ̀.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń pè mí ní Àgànyìn. Mo ń sọ Yorùbá, wọ́n ń bèèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní, "Ọmú ìyá mi ni mo ti mu ún." Wọ́n á ní ó dára, ṣùgbọ́n ó ń dún lọ́nà mìíràn. Òyìnbó ló fa àlà sáàárín wa, àwa la wá ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó sàn kéèyàn lọ sílẹ̀ tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, o mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Láàárín àwọn tí wọ́n jọ ọ́, bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ẹlòmíràn lo ṣe máa ń rí.

Alhaja Ràlíátù ló fún mi ní yàrá lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní Ìtokú, ìdílé baba rẹ̀ sì ti ń ta aṣọ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Láfẹ́ńwá. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ máa ń jí àdúgbò. Bí mo bá wọlé láìkí i, á ní, "Ṣé òkúta ló jókòó síbí ni?" Mo tètè kọ́ ìkíni Ẹ̀gbá: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìjókòó. Kò sí ohun téèyàn ń ṣe tí wọn kò ní ìkíni fún.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló ní ẹ̀rọ ní Kétu. Ẹni tó wà níbẹ̀ á ránṣẹ́ pè é, èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ mi. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì Òfàdà."

"Ta ló sè é?"

Bí mo bá ní èmi ni, á tún béèrè pé, "Ìwọ fúnra rẹ?" Mo mọ ohun tí ìbéèrè náà ń sọ: ó yẹ kí n ti ní ìyàwó. Bí ìlà bá já lójijì, mo máa ń mú agbohùn náà dání fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀.

Nígbà òjò kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí run mí. Mo rò pé oúnjẹ ni. Mo mu àgbo, mo dùbúlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ikùn mi ti le bí pákó, n kò sì lè na ara mi tán mọ́. Alhaja ṣí ilẹ̀kùn láti bèèrè ìdí tí n kò fi kí i láàárọ̀. Ohùn tó fi pariwo kó gbogbo àdúgbò jọ. Wọ́n gbé mi sínú takisí, ó jókòó tì mí, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ní ìfun mi ti lọ́ mọ́ra, apá kan sì ti kú nínú rẹ̀. Wọ́n là mí. Nígbà tí mo jí, ìrora yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n àpò ọ̀rá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn mi lápá òsì.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, Sístà Dúpẹ́, rí i pé mo ń wò ó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í yára, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ po.

"Sístà, kí lèyí?"

"Wọ́n fa ẹnu ìfun rẹ gba ibẹ̀ jáde. Ohun tó ń gba ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa gbà báyìí, àpò yẹn ló ń gbà á."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí láé. Èyí tó kù nísàlẹ̀ kò ṣe é so mọ́ ọn."

Mo wo òrùlé. "Ṣé mo ti kú nìyẹn?"

"Ẹni tó kú kì í béèrè," ló fi dá mi lóhùn. "Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Ó ṣí àpò náà, ó fọ ibẹ̀ mọ́, ó sì mú ìka mi kàn án. Ó pupa, ó tutù, ó rọ̀ bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti fún ojú mi pọ̀ de ìrora, ìrora náà kò wá. Ìka mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan òun. Mo tún kàn án pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù àkọ́kọ́ ti kúrò lára mi.

Nígbà tí mo lè rìn, Alhaja tẹ̀lé mi lọ tẹ ìyá mi láago. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó le.

"Máa bọ̀ wálé. N ó ní kí wọ́n tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Èmi ni mo bí ọ, èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ."

Mo mọ yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sí lẹ́yìn tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ, tí àwọn àlejò ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ẹni pé kò sí nílé.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi di òjò ọdún tó ń bọ̀."

"Bí òjò bá dé," ló wí, "èmi fúnra mi ni n ó wá mú ọ."

Alhaja ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ mi. Bí a ṣe ń jáde, ó ní, "Ìyá rẹ kò ṣàwàdà o. Tètè wá ọ̀nà tí o fi máa dúró fúnra rẹ."

Àwọn àpò tí mo gbé kúrò ní ilé ìwòsàn, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Wọ́n dára, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Sístà Dúpẹ́ wí fún mi láìfi pamọ́ pé nígbà mìíràn ọjọ́ ń gorí ọjọ́ kí òmíràn tó dé. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá lásán àti ọ̀já ṣe àfidípò hàn mí. Nígbà tí àwọn tòkè òkun tán, ọ̀rá àti ọ̀já tí mo fi sára yọ̀ lọ́nà ilé, kí n tó dé àtẹ̀gùn. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo fọ ara mi, mo fọ aṣọ mi, inú ń bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ ọ̀já náà sórí itan mi, mo wò ó bí télọ̀ ti ń wo ẹ̀wù tí ẹlòmíràn bàjẹ́. Rírán rẹ̀ ni kò dára.

Mo gé aṣọ dírììlì tó nípọn, mo fi ṣe ìgbànú fífẹ̀. Mo dá ihò sí i níbi tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ojú ibẹ̀, mo fi tówẹ̀lì rírọ̀ wé etí rẹ̀. Sístà Dúpẹ́ bá mi wá òrùka rọ́bà kan tí ẹnu ọ̀rá lè kọ́. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ lọ fún un, ó wò ó tinú tẹ̀yìn.

"Ihò yìí fún jù, yóò fún un lọ́rùn. Bó bá sì gbòòrò jù, ìgbẹ́ á máa jẹ awọ ara rẹ, ibẹ̀ á di egbò. Kó kàn yí i ká ni."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọrùn ẹ̀wù nìyẹn, Sístà."

"Ó dára. Lọ rán ọrùn ẹ̀wù."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo rí i ṣe. Mo rán mẹ́ta tí mo lè máa pààrọ̀, mo ń fọ ọ̀kan, mo ń wọ ọ̀kan, ọ̀kan wà nínú àpamọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọ̀rá mímọ́ àti ìnura. Láàárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi ń wẹ ibẹ̀, màá gbẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, màá fi ìpara funfun pa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kì í jẹ́ kí àpò kún kí n tó dà á nù. Mo kọ́ oúnjẹ lákọ̀tun: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹ́ kó dì, àgbàdo fẹ́ kéèyàn jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná, omi mímu kò gbọ́dọ̀ wọ́n. Ẹ̀wà ni ọ̀tá mi, nítorí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀wà náà ló sì tú mi fó. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ṣẹ́yẹ nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba dúró, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ni ẹ̀gbẹ́ mi bá dún: prrrù! Ẹni tó ní ti ìsàlẹ̀ lè dì í mú. Tèmi kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá náà wo ẹ̀yìn, ó wò mí.

Bàbá Ṣẹ́yẹ kò gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ òróró." Ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà kíkankíkan títí mo fi wọn ọkùnrin náà tán.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, a rẹ́rìn-ín débi pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú. Láti ìgbà náà, bó bá ti dún, ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀bù á ní, "Ẹ fún ẹ̀rọ lóróró o!" Mo rò pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo di ará ibẹ̀. Kéèyàn jẹ́ àlejò ni kí wọ́n máa fi ọ̀wọ̀ ṣọ́ra fún un. Ará ilé ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ìwòsàn, n kò tí ì tò sí sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun ní mọ́sálásí. Àlùwàlá mi lè bàjẹ́ láàárín ìrun láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn bá ń lọ, màá jókòó sínú yàrá. Alhaja kíyè sí i. Kò béèrè lọ́wọ́ mi, àáfà ló lọ bá. Ó mú un wá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń rìn jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní o kì í kírun pẹ̀lú wa mọ́."

Mo ṣàlàyé, mo ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ń pàṣẹ fún un?"

"Rárá, Àáfà."

"Ta ló dá a?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run sì mọ̀. Bí àkókò ìrun bá ti wọlé, fọ ibẹ̀ mọ́, ṣe àlùwàlá, kírun rẹ. Bí nǹkan bá jáde láàárín rẹ̀, máa bá ìrun rẹ lọ. Bí àkókò mìíràn bá dé, tún àlùwàlá ṣe. Ẹ̀sìn wa kò fi ìnira dè wá." Ó dìde. "Ọjọ́ Jímọ̀, n ó máa wò ọ́ o."

Mo lọ. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi fi èjìká kan èjìká mi bí wọ́n ṣe ń ṣe, n kò sì yẹra. Nígbà tí mo fi orí kanlẹ̀, omi bọ́ lójú mi sórí ẹní.

Nínú ilé Alhaja náà ni mo ti mọ Ṣìfáwù. Aláró ni, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń pa adìrẹ tí Alhaja ń tà. Láti ìgbà tí mo ti dé ló ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní Bùọ̀dá Kétu, èmi náà sì máa ń rí ìdí láti wà nílé lọ́jọ́ tó bá ń gbé aṣọ bọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí sá fún un. Ó ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ẹrù adìrẹ lórí rẹ̀.

"Bùọ̀dá Kétu, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sá bí ẹni tó jẹ gbèsè?"

Mo ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀, kíákíá, bí ẹni ń ka ìwé tí kò fẹ́ kà. Mo ní òórùn lè wà nígbà mìíràn. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ lè jẹun?"

"Mo lè jẹun. Ẹ̀wà nìkan ni."

"Òórùn lẹ ní ẹ ń bẹ̀rù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti dúró ti ìkòkò ẹ̀lú tó ti kẹ̀ rí? Èmi tí mò ń sùn pẹ̀lú rẹ̀ nínú irun orí mi! Ẹ wá kí ìyá mi lọ́la, kí ẹ wá gbọ́ òórùn."

Mo lọ. Òórùn náà gbá mi nímú láti ìta. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Sístà Dúpẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àgbẹ̀ kan wà ní Ọ̀dẹ̀dà, Bàbá Àkànní, tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ mi fún. Láti ìgbà tó ti délé, kò jáde nínú yàrá. "Mo ti sọ tèmi, kò gbọ́. Bóyá yóò gbọ́ ti ẹni tó ní irú rẹ̀."

A jọ lọ. Bàbá náà kọjú sí ògiri.

"Dókítà wo tún nìyí?"

"Télọ̀ ni mí, Bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ fi télọ̀ ṣe? Níbo ni mò ń lọ?"

Mo gbé ẹ̀wù mi sókè. Nígbà tó gbọ́ ìró aṣọ, ó yí ojú padà. Ó wo ìgbànú náà pẹ́.

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà, Bàbá."

"O sì wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta?"

"Mo wọkọ̀. Mo jẹ iyán kí n tó kúrò nílé."

"Iyán!" Ó gbé ara sókè lórí ìgbọ̀nwọ́. "Wọn kò fún mi ní iyán láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń fún mi bí ọmọ ọwọ́." Ó pe ìyàwó rẹ̀ lóhùn rara. Nígbà tí iyán fi máa délẹ̀, mo ti wọn ìbàdí rẹ̀ tán.

Òjò dé, ìyá mi náà dé. Kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó gbé báàgì ńlá òfìfo kan dání, ó ní òun yóò fi kó ẹrù mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ló ń na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ mú mi.

"Ẹ ṣeun," ló sọ fún Bàbá Ṣẹ́yẹ, "ẹ ti bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo wá mú ọmọ mi lọ sílé."

"Ẹ jẹ́ kó rán kóòtù yìí tán ná, Ìyá," ni Bàbá Ṣẹ́yẹ wí, kò sì wo ojú mi.

Kóòtù náà kò tí ì tán nígbà tí Bàbá Àkànní wọlé, iṣu lórí, amọ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kí gbogbo wa. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá mi nìyí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ṣọ́ọ̀bù, arúgbó tó ju ìyá mi lọ. Ìyá mi fò dìde.

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ọmọ yín ló gbé mi dìde." Ó sì ká dàńṣíkí rẹ̀ sókè, níwájú oníbàárà, níwájú òpópónà, ó lu ìgbànú náà bí ẹni lu ẹ̀yìn ẹṣin. "Òun ló rán an. Àná ni mo kọ ebè. Iṣu yìí, èmi fúnra mi ni mo wà á."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó wo ìránṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí tówẹ̀lì yíká. Nígbà tí a dé yàrá mi, ó ní kí n fi tèmi han òun. Mo ṣí i. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Kò burú tó bí mo ṣe ń rí i lójú àlá," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọbìnrin tó ń kí mi láàárọ̀ yẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ọmọ ta ni?"

Ó dúró títí ó fi rí ìyá Ṣìfáwù, ó sì bá Alhaja jókòó títí wọ́n fi yan ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ní àárọ̀ tó ń lọ, mo sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá, mo gbé báàgì rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Adìrẹ àti ìrẹsì Òfàdà ti kún un débi pé a fi okùn dì í. Obìnrin tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ kí i, ó béèrè ibi tó ti ń bọ̀.

"Ilé ọmọ mi," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Òun nìyẹn tó dúró síta. Abẹ́òkúta níbí ló ń gbé."